Ìgbọ́ràn Ọmọ Tó Ní Down Syndrome

Nínú àwọn àìlera tó máa ń bá Down syndrome rìn, ti etí wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ, òun náà sì ni ojú kì í tètè rí. Ìwádìí tó ti wáyé ní oríṣiríṣi ilé ìwòsàn fi hàn pé láàárín ọmọ 38 sí 78 nínú 100 tó ní Down syndrome ni etí wọn kì í gbọ́ dáadáa. Ohun tó jẹ́ kí iye náà jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọjọ́ orí àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò kò dọ́gba, irinṣẹ́ kò dọ́gba, ohun tí oníkálukú sì kà sí àìgbọ́ dáadáa kò dọ́gba. Síbẹ̀, èyí tó kéré jù nínú iye náà ṣì fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ.

Èdè Yorùbá pàápàá dá kún bí wọn kì í ṣe é tètè fura. Ọ̀rọ̀ kan náà, gbọ́ràn, ni wọ́n fi ń sọ pé etí ènìyàn ń ṣiṣẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń sọ pé ọmọ ń tẹ̀lé àṣẹ. Ọmọ tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò dáhùn, aláìgbọràn ni. Wọ́n á ní ó kọ etí ikún sí àgbà. Bí ọmọ náà bá tún wá ní Down syndrome, ẹ̀sùn kejì ti wà nílẹ̀ dè é: wọ́n á ní ọpọlọ rẹ̀ ni kò gbà á. Láàárín oríkunkun àti ọpọlọ, kì í sí ẹni tó máa rántí etí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, etí ni ìṣègùn mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe jù.

Down syndrome kì í ṣe àrùn tó ń ràn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá tàbí ti bàbá. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di ara ènìyàn, kírómósómù 46 ló máa ń wà, ní méjì-méjì. Púpọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ní Down syndrome ní 47, nítorí kírómósómù kọkànlélógún wọn jẹ́ ẹ̀dà 3 dípò 2. John Langdon Down, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe àpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ní 1866. Ó di 1959 kí Jérôme Lejeune, Marthe Gautier àti Raymond Turpin tó kéde ní ilẹ̀ Faransé pé kírómósómù kan tó lé ló fà á. Ní Ìbàdàn, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1982 rí i pé ọmọ 1 nínú 865 tí wọ́n bí láàyè ló ní in, ìwọ̀n tí kò jìnnà sí ti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Kò sí àdúgbò tí kò lè bá a pàdé.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ etí àwọn ọmọ yìí yé òun, àfi kó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé. Etí ní yàrá 3. Èkíní ni etí òde: apá tí ojú ń rí, àti ihò tó wọlé lọ títí dé ibi tí awọ fẹ́lẹ́ kan ti dí i. Awọ yìí ni wọ́n ń pè ní ìlù etí, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí bí ohùn bá kàn án, ńṣe ló ń gbọ̀n bí awọ ìlù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá kejì wà, àárín etí. Afẹ́fẹ́ ló kún ibẹ̀, egungun bíńtín 3 sì so kọ́ra nínú rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni egungun tó kéré jù lọ ní gbogbo ara ènìyàn. Àwọn egungun yìí ń gbé gbígbọ̀n ìlù etí lọ sí yàrá kẹta, etí inú, níbi tí ẹ̀yà kan tó lọ́ pọ̀ bí ìkarahun ìgbín wà. Omi ló wà nínú ìgbín yìí, àti irun tín-ín-rín tó ń sọ gbígbọ̀n di iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ọpọlọ.

Ìlù tó bá kún fún omi kò lè dún. Ohun tó ń pèsè afẹ́fẹ́ fún àárín etí ni ọ̀nà tóóró kan tó ti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn imú, lókè ọ̀fun. Pípadé ni ọ̀nà yìí sábà máa ń wà. Ìgbà tí ènìyàn bá gbé itọ́ mì tàbí tó bá yán ló máa ń ṣí fìrí. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú rí mọ̀ ọ́n: etí á dí, bó bá sì gbé itọ́ mì, etí á là.

Ibi ọ̀nà tóóró yìí gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ tó ní Down syndrome. Àárín ojú rẹ̀, láti imú dé àgbọ̀n òkè, kéré ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé tó bá kéré, ohun tó wà nínú rẹ̀ á fún pọ̀ ni: ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà kúrú, ó há, ó sì rọ̀ débi pé ó lè wó lé ara rẹ̀. Iṣan àwọn ọmọ yìí máa ń dẹ̀ káàkiri ara, títí kan iṣan òkè ẹnu tó yẹ kó máa fa ọ̀nà náà ṣí. Kókó ẹran kan sì wà lẹ́yìn imú gbogbo ọmọdé. Lára ọmọ tó ní Down syndrome, kò dìgbà tí kókó náà bá tóbi jù kó tó dí ọ̀nà, torí ààyè gan-an ni kò sí. Agbára tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àrùn náà yàtọ̀ lára wọn, ọ̀fìnkìn sì máa ń yà sí wọn lára lemọ́lemọ́.

Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé mọ́, ara á fa ìyókù tó wà nínú àárín etí tán, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun rọ́pò rẹ̀. Bó bá pẹ́, omi náà á ki, á máa yọ̀, á máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Ìlù etí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ lẹ́yìn kò lè gbọ̀n bó ṣe yẹ. Kì í sábà dun ọmọ. Kì í mú ibà wá. Kì í tú síta. Níbí ló ti yàtọ̀ sí etí tó ń ṣọyún, èyí tí gbogbo ìyá mọ̀, tí òórùn rẹ̀ sì máa ń lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Omi ẹ̀yìn ìlù etí lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má mọ̀.

Ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, àwọn dókítà yẹ etí àwọn ọmọ tó ní Down syndrome wò kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 ni pé ọmọ 93 nínú 100 ló ní omi yìí ní ọmọ ọdún 1. Nígbà tí wọ́n fi pé ọdún 5, ó ṣì ku 68 nínú 100. Ó tọ́ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí iye yẹn. Ó túmọ̀ sí pé ní ọdún tí ọmọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, etí tó gbẹ ló ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Àwọn ọmọ yòókù náà máa ń ní irú omi bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Lára ọmọ tó ní Down syndrome, ó ń gbẹ, ó ń padà wá, nígbà mìíràn títí wọ ìgbà ọ̀dọ́.

Pípọ̀ àti fífà omi yìí ló ń da ilé rú jù. Lónìí ọmọ gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ọ̀fìnkìn kékeré kan, wọ́n á dúró tì í pe orúkọ kan náà, kò ní mira. Tíṣà tó rí ọjọ́ méjèèjì lè gbà pé ìgbà tó bá wu ọmọ náà ló ń dáhùn.

Ihò etí òde náà kò gbẹ́yìn. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ yìí ni wọ́n bí pẹ̀lú ihò etí tó fún ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdọ̀tí etí tí kò lè ṣe ọmọ mìíràn ní nǹkan kan á dí i pátápátá, dókítà tó bá sì fi iná àyẹ̀wò wo inú rẹ̀ lè má rí ìlù etí rárá. Ihò náà máa ń fẹ̀ sí i bí ọmọ ṣe ń dàgbà, àmọ́ kó tó fẹ̀, ọdún tó ṣe pàtàkì jù ti kọjá.

Gbogbo èyí ń dí ọ̀nà ohùn ni. Etí inú fúnra rẹ̀ lè pé pérépéré. Àwọn ọmọ díẹ̀ wà, nǹkan bí 4 sí 9 nínú 100, tó jẹ́ pé etí inú tàbí iṣan rẹ̀ ló ní àléébù. Ìgbín lè kúrú. Ọ̀nà tí iṣan gbà kọjá nínú egungun lè há. Ti àwọn mìíràn, egungun bíńtín 3 tó wà láàárín etí kò ní ìrísí tó yẹ kó ní. Irú àléébù wọ̀nyí kì í lọ fúnra wọn, ọmọ kan sì lè ní wọn pọ̀ mọ́ omi ẹ̀yìn ìlù etí.

Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ohùn. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó nǹkan bí 30. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì jókòó ń bá ara wọn sọ tó nǹkan bí 60. Omi àárín etí sábà máa ń gbé dẹ́síbẹ̀lì 20 sí 40 lọ, ìwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ń pè ní díẹ̀ tàbí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ọ̀rọ̀ “díẹ̀” yìí ti tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Àgbàlagbà tó ti gbọ́ èdè lè fi òye dí àlàfo ohun tí etí rẹ̀ kò bá, nítorí ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọmọ ọdún kan kò tíì ní ohun tó máa fi dí i. Láti inú ohun tó ń gbọ́ nìkan ló ti máa kọ́ èdè náà. Ti ọmọ tó ní Down syndrome tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé iyè rẹ̀ fún ohun tí etí gbọ́ kò lágbára tó iyè rẹ̀ fún ohun tí ojú rí. Ọ̀rọ̀ tó bá wọlé láì mọ́ gaara kì í dúró.

Yorùbá sì jẹ́ èdè olóhùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, gíga àti wíwálẹ̀ ohùn nìkan ló ya baálé ilé sọ́tọ̀ kúrò lára irinṣẹ́ àgbẹ̀, ohun ìrìnnà àti ohun ìjà. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń sọ ọ́ láti inú omi ní láti yanjú gbogbo èyí kó tó mọ ohun tí wọ́n ní kó gbé wá. Ìró f, s àti ṣ tún wà, tí agbára wọn kò tó nǹkan, tí púpọ̀ nínú wọn sì wà lápá òkè níbi tí ohùn ti tín-ín-rín. Wọ́n wà lára èyí tó máa ń kọ́kọ́ sọnù fún ẹni tí etí inú rẹ̀ kò le. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, fá, sá àti ṣá lè di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé gbogbo àmì tó yẹ kó ta òbí lólobó ni wọ́n ti ní àlàyé mìíràn fún. Ní ilé mìíràn, bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò tíì pe “Màmá”, ẹnìkan á dábàá pé kí wọ́n lọ wo etí rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ní Down syndrome, ẹbí á ní bí tiwọn ṣe ń rí nìyẹn, bó pẹ́ bó yá á sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ yìí máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, pé ohun tó ń yé wọn sì sábà máa ń ju ohun tí ẹnu wọn lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n Down syndrome nìkan kò lè ṣàlàyé ìdí tí ọmọ kan fi ń dáhùn nígbà tó bá rí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí kì í sì í bojú wẹ̀yìn bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn. Kò lè ṣàlàyé ọmọ tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá ń dín kù. Ọmọ tó ń lọ lẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tó ń fọwọ́ fa etí, tó ń fi ẹnu mí, tó sì ń hanrun bó bá sùn, etí àti ẹ̀yìn imú rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Àyẹ̀wò kò sì gbọdọ̀ dúró de àmì. Ìlànà tó wà fún gbogbo ọmọ tuntun ni pé kí wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò kó tó pé oṣù 1, kí wọ́n ti mọ̀ dájú bí ìṣòro bá wà kó tó pé oṣù 3, kí ìrànlọ́wọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 6. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi kún un fún ọmọ tó ní Down syndrome pé, bí etí rẹ̀ tilẹ̀ pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tún un wò ní oṣù 6, kí wọ́n sì máa wò ó ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà títí wọ́n fi lè sọ ní pàtó pé etí ọ̀tún ń gbọ́, etí òsì náà ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, kó di ọdọọdún. Ìwé tí ilé ìwòsàn fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ yege nínú àyẹ̀wò ọmọ tuntun kò sọ ohunkóhun nípa omi tó máa dé ní oṣù kẹjọ.

Ẹ̀rọ tó rọrùn jù fún ọmọ tuntun wá láti inú ohun ìyanu kan tí David Kemp ṣàwárí ní London ní 1978: etí inú tó ń ṣiṣẹ́ máa ń dá ohùn tirẹ̀ padà nígbà tó bá gbọ́ ohùn. Wọ́n á ki ohun kékeré kan bọ ihò etí, á sọ ohùn sínú rẹ̀, á sì tẹ́tí sí èsì. Ẹ̀rọ kejì ń wo bí iṣan àti ọpọlọ ṣe ń dáhùn. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá sùn. Bó bá ti dàgbà díẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ pé bó bá gbọ́ ohùn tó yíjú síbẹ̀, ohun ìṣeré kan á tan iná. Lẹ́yìn náà, pé kó ju òkúta kékeré sínú abọ́ nígbàkúgbà tó bá gbọ́ nǹkan. Ọmọ tó ní Down syndrome ń fẹ́ àkókò fún èyí. Ó lè gbọ́ kó tó pẹ́ díẹ̀ kó tó yíjú, onísùúrù tó mọ̀ ọ́n á sì dúró dè é. Bí kò bá parí lónìí, kí wọ́n parí ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ìkánjú ṣe lè pe etí tó dára ní adití. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń fi afẹ́fẹ́ ti ìlù etí díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mì tàbí omi ti há a mọ́lẹ̀.

Ní Nàìjíríà, yíyẹ etí ọmọ tuntun wò kò tíì di ohun tí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí ń ṣe. Pé ó ṣeé ṣe kì í ṣe ìbéèrè mọ́. Dókítà Bọ́lájókòó Olúsanyà àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Èkó, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, pé wọ́n lè ṣe é ní ilé ìgbẹ̀bí ńlá tó wà ní Erékùṣù Èkó, àti ní ibi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG fún ọmọ. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú ti ibi abẹ́rẹ́ yẹn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọn kì í bí sí ilé ìwòsàn, àmọ́ tí ìyá wọn ń gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́. Ìyá tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀ láìsí àyẹ̀wò lè béèrè fún un ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni bíi ti Ìbàdàn, Ìdí-Àràbà àti Ilé-Ifẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sì ní ilé ìtọ́jú etí kan ní Kàdúná. Ní Èkó bákan náà ni Down Syndrome Foundation Nigeria wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, níbi tí òbí ti lè bá àwọn òbí mìíràn tí wọ́n ti gba ọ̀nà náà kọjá pàdé.

Ní ti ìtọ́jú, ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kó ìdọ̀tí kúrò nínú ihò etí. Ọmọ tí ihò rẹ̀ há, dókítà ló yẹ kó máa bá a kó o ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lójú. Ìyẹ́ adìẹ àti owú orí igi kì í kó ìdọ̀tí jáde nínú irú ihò bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń tì í wọlé. Kò sì sí ohun tí wọ́n lè kán sínú etí tó máa dé ibi tí omi náà wà, nítorí ìlù etí wà láàárín. Ìfẹ́ ni ìyá fi ń kán epo gbígbóná, omi àlùbọ́sà tàbí wàrà ọyàn sí ọmọ létí. Ṣùgbọ́n epo gbígbóná lè jó awọ tó fẹ́lẹ́, ohun tó bá sì dúró pẹ́ nínú ihò tóóró lè di egbò. Oògùn ọ̀fìnkìn kì í fa omi náà gbẹ. Oògùn agbógunti kòkòrò wúlò fún etí tó ń ro ọmọ tàbí tó ń ṣọyún. Ti omi tí kò ní ìrora, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bí omi náà kò bá lọ, ọ̀nà méjì ló wà, àwọn dókítà kò sì tíì fẹnu kò lórí èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ti àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ abẹ kékeré: wọ́n á la ìlù etí díẹ̀, wọ́n á fa omi náà, wọ́n á sì fi páìpù kan tí kò tó hóró ìrẹsì síbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ wọlé dípò ọ̀nà tó dí. Ní Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, Sally Shott àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọmọ 48 tó ní Down syndrome sí ìtọ́jú kí wọ́n tó pé ọdún méjì, wọ́n ń yẹ wọ́n wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n sì ń wo àwọn tí ihò etí wọn há lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Púpọ̀ jù nínú wọn ló gba páìpù. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2001, ọmọ 98 nínú 100 ló ń gbọ́ dáadáa lẹ́yìn ìtọ́jú. Iye yìí mú ọ̀pọ̀ dókítà tún èrò wọn pa, torí ṣáájú ìgbà náà, àwọn kan ti gbà pé etí tí kò gbọ́ jẹ́ ìpín àwọn ọmọ yìí. Kì í ṣe páìpù nìkan ló ṣe é. Wíwò léraléra, láìjẹ́ kí ọmọ kankan sọnù láàárín, ló gbé iṣẹ́ náà ró.

Páìpù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ó máa ń já bọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, omi á sì tún padà wá, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ kan lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí lè máa ṣọyún láti ojú páìpù. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó ní Down syndrome ni wọ́n bí pẹ̀lú àléébù ọkàn, nítorí náà dókítà tó ń kun ọmọ lóorun gbọ́dọ̀ mọ ipò ọkàn rẹ̀. Egungun ọrùn lókè pátápátá sì máa ń mì lára àwọn kan nínú wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni yí orí ọmọ bẹ́ẹ̀ tipátipá nígbà tó bá ń wo etí rẹ̀ tàbí tó bá sùn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Nítorí irú nǹkan wọ̀nyí ni ìlànà ìjọba Bìrìtéènì ti 2008 fi sọ nígbà náà pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni kí wọ́n sábà máa fún ọmọ tó ní Down syndrome tí omi yìí kò jẹ́ kó gbọ́ dáadáa.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni ọ̀nà kejì. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń rọ̀ sẹ́yìn etí. Etí àwọn ọmọ yìí kéré, ó sì rọ̀, ẹ̀rọ náà lè máa já bọ́. Àwọn òbí kan ń fi téèpù tó lẹ̀ lójú méjèèjì mú un mọ́ awọ orí. Irú mìíràn wà tí kò bá ihò etí ṣe pọ̀ rárá. Wọ́n á so ó mọ́ bẹ́líìtì rírọ̀ tí ọmọ ń wé mọ́rí bí ọ̀já, á máa gbọ̀n mọ́ egungun orí, gbígbọ̀n náà á sì gba inú egungun lọ sí etí inú tààrà. Fún ọmọ tí ihò etí rẹ̀ há, tí àárín etí rẹ̀ kún fún omi, tí etí inú rẹ̀ sì pé, èyí bá a mu bí ìbọ̀wọ́ ṣe ń bá ọwọ́ mu. Kò gba iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì lè bọ́ ọ kúrò lọ́jọ́ tí omi bá gbẹ. Ọmọ tí etí inú rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan lè gba ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ rì sínú ìgbín etí. Down syndrome nìkan kò tó ìdí láti fi du ọmọ ní in.

Ó ń fẹ́ sùúrù kí ọmọ tó gbà kí ẹ̀rọ dúró sí òun létí. Ìdílé tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà tí ọmọ ń jẹun tàbí tó ń gbọ́ orin tó fẹ́ràn, sàn ju èyí tó fẹ́ kó lò ó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní.

Ọ̀nà tí àwọn ará ilé àti ará ilé-ìwé ń gbà bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ kò kéré sí ẹ̀rọ. Kí ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ sún mọ́ ọn, kó fọwọ́ kàn án léjìká, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí ojú wọn ti ṣe mẹ́rin, kó tó sọ̀rọ̀. Kí gbólóhùn sì kúrú. Pípariwo kò ràn án lọ́wọ́, ó ń da ọ̀rọ̀ rú ni. Ní kíláàsì, iwájú ni kó jókòó, jìnnà sí ojú fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, kò sí ọmọ tó ń gbọ́ tíṣà, àmọ́ ọmọ yìí ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Orí bọ́ọ̀dù àti àwòrán ló yẹ kí ẹ̀kọ́ wákàtí náà wà.

Ojú ni agbára ọmọ tó ní Down syndrome, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ní Surrey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Margaret Walker ṣe iṣẹ́ kan ní 1972 àti 1973 fún àwọn àgbàlagbà tí etí wọn di tí ẹ̀kọ́ sì ṣòro fún. Láti ibẹ̀ ni Makaton ti jáde, ètò àmì ọwọ́ tí wọ́n ń lò pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Lónìí, àwọn ọmọ tó ní Down syndrome wà lára àwọn tó ń lò ó jù ní Bìrìtéènì, títí kan ọmọ àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀. Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá mọ àmì ọwọ́, kò ní fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Òdìkejì ni ohun tí wọ́n ń rí: àmì náà ń di ọ̀rọ̀ mú fún un títí ẹnu rẹ̀ fi lè gbé e, bí ẹnu bá sì ti gbé e, ọmọ fúnra rẹ̀ á jọ̀wọ́ àmì náà. Ilé tí kò ní ìwé Makaton lè lo ọwọ́ tí gbogbo ilé ti mọ̀ fún oúnjẹ, omi, wá àti ó dàbọ̀, kí gbogbo ará ilé ṣáà máa ṣe é bákan náà. Ìwé kíkà náà ń ṣiṣẹ́. Láti nǹkan bí 1980 ni Sue Buckley ní Portsmouth ti ń fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀ mọ̀ nínú ìwé kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé, àti pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n rí lákọsílẹ̀ ń ran èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́nu lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ etí kò parí síbi ọmọdé. Ní 1983, ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún 25 ni ẹni tó ní Down syndrome ń lò láyé ní ìpíndọ́gba. Lónìí, ó ti tó nǹkan bí 60. Etí wọn a máa tètè gbó, nígbà mìíràn láti ìgbà tí wọ́n bá ti lé ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, tí àwọn ohùn tín-ín-rín á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Àrùn ìgbàgbé Alzheimer náà máa ń tètè dé bá wọn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Bí ẹni ọdún 45 bá ń dákẹ́, tó ń yẹra fún àwùjọ, tí kò dáhùn mọ́ bí wọ́n bá pè é, kíá ni wọ́n á ti dá àrùn ìgbàgbé lẹ́bi. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tó dí ihò etí méjèèjì ni, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló nílò. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà Bìrìtéènì tó ń tọ́jú wọn fi ní kí wọ́n máa yẹ etí wọn wò ní ọdún méjì-méjì ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì ṣàròyé.